Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Láti Ìdù Dé Rìgásà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bó ti wù kí n dàgbà tó. Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Ábújá, orúnkún mi ò ní jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ yẹn, nítorí òun ló jìyà rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà náà, kí ẹ má baà rò pé ẹnìkan ló ṣe mí. Mo ní mọ́tò kan, tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú, tí mo rà lọ́dún tí wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni mo ti fi ẹsẹ̀ mi joyè ajókòó-má-rìn. Jàbí ni ilé wa wà. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì wà ní òdìkejì títì, béèyàn bá sín nílé wa, á kí i pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, mọ́tò ni mo máa ń gbé lọ ra búrẹ́dì. Màá lọ títí dé ibi tí wọ́n ti ń yípo, màá wá àyè tí màá gbé e sí, màá ra búrẹ́dì ẹyọ kan, màá tún yípo padà. Kí n tó dé, omi tíì tí ìyàwó mi sè á ti tutù. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Bàbá Tómi, ṣé ẹ̀yin lẹ ra mọ́tò yìí ni, àbí òun ló rà yín?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni gbogbo Sátidé mi ń lọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe ìyá mẹkáníìkì náà, mi ò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí mi. Tí a bá ń gbàdúrà àárọ̀ nílé, mo máa ń fi mọ́tò náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kí n tó rántí àwọn àbúrò mi.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà, Gbóyèga, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ló wá rí ọmọ kan fẹ́ ní Kàdúná. Bàbá wa ti lọ, èmi ni mo dúró bíi bàbá fún un. Bàbá ọmọ tó fẹ́ fẹ́ jẹ́ ará Ọ̀fà tó ti ṣiṣẹ́ reluwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Reluwé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Gbóyèga ti kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀. Ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ yìí. Àwọn ẹbí rẹ̀ pẹ́ dé, Bàbá sì ní kí wọ́n máa padà lọ. Ó ní ẹbí tí kò mọ àsìkò tó yẹ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ òun, wọn ò ní mọ àsìkò tó yẹ kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn parí sí.

Iṣẹ́ tí bàbá yìí rán sí wa kò gùn. Kí a wá láago kan ọ̀sán Sátidé. Reluwé ti ń rìn láti Ìdù báyìí, kí a wọ̀ ọ́, kò ní já wa kulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. "Gbóyèga, ṣé torí pé a ò ní mọ́tò ni? Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ilé gidi lo ti wá, tí a bá jáde látinú reluwé bí ẹni tí wọ́n kó wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ wọn ni mo fẹ́ fẹ́. Mọ́tò yín kọ́ ló fẹ́ fẹ́ ẹ."

Ìyàwó mi gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà Kàdúná ò fini lọ́kàn balẹ̀ nígbà yẹn nítorí àwọn ajínigbé, ó sì ní òun ò ní fi ọkọ òun dán ọ̀nà wò. Mo gbà láti wọ reluwé. Ṣùgbọ́n mo ní mọ́tò mi ni màá wà dé Ìdù, kò sẹ́ni tó máa rí olórí ẹbí nínú takisí. Lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó sì wà lápò mi. Nílé tiwa, ẹni tó dúró bíi bàbá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ. Bí kò bá tíì dé, ẹnu ò ṣí nìyẹn, àwọn yòókù kàn wá wo òde ni.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ìyàwó mi, Gbóyèga àti Àǹtí Mopé, àbúrò bàbá wa, ti wà nínú takisí láago mẹ́jọ. Reluwé á ṣí kí aago mẹ́wàá tó lù.

"Àyè ẹnìkan ṣì wà níwájú," ìyàwó mi ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Ẹ máa lọ. Ẹ máa bá mi níbẹ̀ ni."

Kí ni mo dúró ṣe? Mò ń fọ mọ́tò ni. Mọ́tò tí mo fẹ́ lọ já sílẹ̀ lọ́gbà reluwé, tí àna kankan ò ní fojú kàn. Mo fọ̀ ọ́, mo nu gíláàsì rẹ̀, mo fi òróró pa táyà lára. Lẹ́yìn náà ni mo wọ agbádá funfun mi, mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò dáhùn.

Alábàágbé wa kan, Àlàájì ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà Útàkò, ń kọjá lọ. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn lọ sọ́jà lójoojúmọ́. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó bá mi tì í.

"Ọ̀gá," ó ní, bó ṣe ń mí, "ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wò ó pé ìgbà wo la máa jọ rìn. Mi ò mọ̀ pé mọ́tò náà máa bá wa rìn."

Mọ́tò jí, mo gbéra. Mi ò tíì lọ jìnnà tí mo fi wọ inú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Níbi tí mo jókòó sí, mo wo ọ̀tún: ọkùnrin kan ṣoṣo nínú mọ́tò tó lè gba márùn-ún. Mo wo òsì: obìnrin kan ṣoṣo, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ẹni tó wà níwájú, òun nìkan. Mo wo dígí, mo rí èmi nìkan. Gbogbo wa ń fi fèrè bú ohun tó dí wa lọ́nà, àwa náà sì ni ohun tó dí wa lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ẹ́ yé mi níbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà là díẹ̀, mo sì gbàgbé.

Nígbà tí mo dé Ìdù, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ojú mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Mo dúró, mo ṣí i. Omi gbígbóná tó ti dípẹtà ta síta, ó sì ya àwòrán pupa sí igbá àyà agbádá mi. Mo gbójú sókè. Òrùlé ibùdókọ̀ reluwé wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń dán nínú oòrùn.

Màlámù kan tó ń ṣọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí náà sún mọ́ mi. Ó ti gbé Ìlọrin rí, ó gbọ́ Yorùbá.

"Sànnu, Àlàájì. Reluwé lẹ fẹ́ wọ̀? Kò jìnnà. Ẹ máa fẹsẹ̀ lọ, màá bá yín ṣọ́ ọ."

"Kí n fẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀?" mo ní. "Á tutù láìpẹ́."

"Kai," ó ní, ó sì padà lọ jókòó.

Mo dúró ti mọ́tò bí ẹni tó ń dúró ti aláìsàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ bẹ́ẹ̀. Fóònù mi dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ wà?"

"Mo ti dé."

"Ẹ dé ibo? Mo ti wo gbogbo ibí, mi ò rí yín."

"Mò ń wo òrùlé rẹ̀ báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n, òrùlé kọ́ ló ń lọ sí Kàdúná. Wọ́n ti ní ká wọlé."

Ìgbà náà ni mo tó sáré. Mo ká agbádá léjìká, mo sọ pé ẹsẹ̀ ò, ẹ gbà mí. Mo sáré dé òpó iná kìíní. Mo rìn dé ìkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mo dì í mú bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Èmi tí mo ru iṣu láti oko dé ilé láìsọ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Reluwé fọn fèrè, ó rọra fà jáde. Kò bínú sí mi, kò sì dúró dè mí. Mo di òpó mú, mo wò ó lọ pẹ̀lú àbúrò mi nínú, lẹ́tà rẹ̀ sì wà lápò mi. Ibẹ̀ ló ti yé mi tán. Mọ́tò tí mo rà pé kó máa gbé mi, ẹsẹ̀ mi ló ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, èmi náà ni mo sì ń bọ́ ọ.

Mo padà bẹ Màlámù kó bá mi ṣọ́ ọ. "Yauwa," ó ní, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tó dùn mí jù. Mo gun ọ̀kadà dé títì ńlá, mo wọ takisí lọ sí gáréèjì Jàbí. Bẹ́ẹ̀ ni, Jàbí, ìtòsí ilé mi gan-an. Ibi tí mo ti kúrò láàárọ̀ ni mo tún padà sí.

Bọ́ọ̀sì Kàdúná ku ẹnìkan. Mo há sáàárín ìyá kan tó gbé agbọ̀n dání àti ọkùnrin kan tó sanra jù mí lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ìyá náà ní, "ẹ bá mi fa agbádá yín mọ́ra. Ilẹ̀ ti ṣú sí mi lójú." Ó wá rí àbààwọ́n rẹ̀. "Ta ló ṣe yín báyìí?"

N kò mọ ìgbà tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Kí a tó jáde nílùú, gbogbo bọ́ọ̀sì ti di ẹbí ọkọ. Ọkùnrin tó sanra ní kí n sọ pé wọ́n dí ọ̀nà.

"Ẹ má purọ́ fún àna," ìyá náà ní. "Irọ́ máa ń tán, àna kì í tán. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí, ẹ̀rù bàbá yẹn sì ń bà mí jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti bá àlejò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò mi, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, kì í sì í gbọ́ tèmi.

Aago mẹ́ta ti kọjá kí n tó dé. Àwọn èèyàn mi wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, wọn ò tíì rí inú ilé. Àǹtí Mopé ti sùn lọ. Gbóyèga ń wo ilẹ̀. Ìyàwó mi wo agbádá mi, ó sì mú ojú kúrò.

Bàbá Reluwé jáde sí ẹnu ọ̀nà, bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó fi ẹ̀wọ̀n so aago mọ́ ṣòkòtò kakí. Ó ṣí aago náà, ó tún pa á dé.

"Ẹ̀yin lẹ dúró fún bàbá ọkọ?"

"Èmi ni, sà."

"Reluwé gbé àwọn yìí dé. Kí ló gbé ẹ̀yin?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó ti gbóná tán. Mo rántí ìyá alágbọ̀n. Mo sọ ti mọ́tò tí mo fọ̀, mo sọ ti òrùlé, mo sọ ti òpó mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ibi òpó, ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú ilé. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Mo wo Gbóyèga. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọdé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá," mo ní. "Ọmọ yìí ti wà níbí kí aago kan tó lù. Ẹ má fi tèmi jẹ ẹ́ níyà."

Bàbá tún ṣí aago rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹni tí kò wọ reluwé, ó yẹ kó ṣì mọ àwọn ibi tó ti ń dúró. Màá pè wọ́n. Ẹ óò máa dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdù."

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Kúbwa."

Mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó ń pè wọ́n bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò fò kankan. Nígbà tí a dé Jẹ́rẹ, orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé Rìjánà, mo wà nílẹ̀, mi ò lè dìde mọ́.

"Reluwé ti pẹ́ ní Rìjánà," Bàbá ní. "Ṣé ẹ̀rọ ti gbóná ni?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi pàápàá fi ìborùn bo ẹnu. Gbóyèga wá, ó dì mí lápá, àwa méjèèjì sì jọ dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo èyí tó kù.

"Rìgásà," Bàbá ní níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Ibẹ̀ ni ìrìn àjò parí sí. Ẹ dìde, ẹ̀yin àna. Lẹ́tà dà?"

Reluwé la wọ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Ìdajì ọ̀nà ni mo fi wo igbó àti àpáta tí mi ò tíì fara balẹ̀ wò rí. Ní Ìdù, Màlámù ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi, ó ti sá ata sórí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní irin náà mú oòrùn dáadáa. Èmi náà rò ó pé bóyá iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ gan-an nìyẹn.

Mi ò ta mọ́tò náà o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Òjò ń rọ̀, òkèèrè sì wà. Àmọ́ àwọn àárọ̀ kan ṣì wà tí ọwọ́ mi á kàn ṣàdéédéé lọ síbi kọ́kọ́rọ́, pé kí n sáré lọ ra búrẹ́dì. Ìyàwó mi kì í bá mi jà. "Kúbwa," ló máa sọ. Orúnkún mi á ta, màá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, màá rẹ́rìn-ín ẹni tí wọ́n ká mọ́bẹ̀, màá fẹsẹ̀ sọdá títì. Nígbà tí mo bá padà dé, tíì ṣì máa ń gbóná.