Arígbogbo ní Pósófíìsì

Tí ẹ bá pàdé ọ̀rẹ́ mi kan tí à ń pè ní Arígbogbo, ẹ bá mi kí i, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í léèrè ọ̀nà pósófíìsì. Òun ló fúnra rẹ̀ sọ ara rẹ̀ ní Arígbogbo o. Ó ní kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níwájú òun kí òun má rí i. Bí eṣinṣin bá bà sára ògiri, ó ní òun á mọ̀ bóyá ó ti jẹun.

Ilé kan náà la jọ háyà, a sì jọ ń lọ sí kíláàsì ìwé kíkọ tí wọ́n ń ṣe nílé ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú lọ jókòó síbi tí èrò ń wọ́ sí, kó wo ohun tó ń lọ níbẹ̀, kó sì kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó ní wọ́n máa ka èyí tó bá dára jù lọ lórí rédíò lọ́sàn-án Sọ́ńdè.

"Ó ti parí!" Arígbogbo ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ sinmi nílé yín!"

Ẹ má bá a wí, ọ̀rọ̀ ìyàwó ló wà nídìí ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ọmọbìnrin onídìrí kan, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ káfíńtà, kò gbà. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹnu rẹ ni mò ń gbọ́ ṣáá. Lọ́jọ́ tí mo bá rí iṣẹ́ tí o ṣe, a ó jọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó." Bí a ṣe jáde ní kíláàsì, Arígbogbo sáré lọ bá a. "Bàbá, ẹ ra bátìrì tuntun sí rédíò yín! Iṣẹ́ mi ni gbogbo ayé máa gbọ́ ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!" Bẹ́ẹ̀, kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Pósófíìsì ló mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún yín. Bébà ló kún gbogbo ilẹ̀. Fáànù òkè àjà kò yí mọ́. Akọ̀wé ìdí káńtà a máa gbórí lé òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lu ọjọ́ mọ́ lẹ́tà, á sùn lọ fọnfọn, débi pé tó bá jí, ọjọ́ àná ló máa wà níwájú orí rẹ̀. Àwọn èrò á sì máa bá ara wọn jà lórí ìlà.

Arígbogbo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òǹkọ̀wé ńlá ló dé. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó fi jígí dúdú bojú nínú ilé. Ó dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó wo òkè àjà, ó kọ nǹkan. Ó wo fáànù, ó mirí, ó tún kọ nǹkan.

Ọ̀gá pósófíìsì yọjú, àyà rẹ̀ já. "Mo gbé! Wọ́n ti rán ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò sí wa láti òkè!"

Ẹ wá wo eré! Ẹnìkan fa ìgbálẹ̀ yọ, ẹnìkan ń nu káńtà. Akọ̀wé ta jí, ó fi itọ́ nu iwájú orí, ó sì ń pe gbogbo èrò ní "ẹ̀yin ọ̀gá mi dáadáa". Ẹrù tí wọ́n ti ní ó sọnù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé àga àti omi tútù wá fún Arígbogbo.

Ṣé ẹ rò pé ó fura? Rárá o! Ó jókòó pa, ó mumi, ó ń kọ̀wé lọ.

Nọ́ọ̀sì kan wà lórí ìlà. Kíláàsì wa lòun náà wà, kódà àga iwájú Arígbogbo ló máa ń jókòó sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀," Arígbogbo dá a lóhùn. "Ẹ ò jẹ́ kí n ríran."

Nọ́ọ̀sì yà. Ó wá ibi kan jókòó sí, òun náà sì mú bírò jáde.

Ní Sátidé, Arígbogbo ka tirẹ̀ sókè: "Pósófíìsì wa mọ́ tónítóní. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í jókòó, wọn kì í sì í bínú." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì bi í pé, "Ọ̀rẹ́, orílẹ̀-èdè wo nìyẹn?"

"Ìlara ló ń dà yín láàmú!" Arígbogbo fèsì. Ilẹ̀ ti ń ṣú, olùkọ́ bá gba bébà àwa tó kù. Ó ní ká lọ gbọ́ èsì lórí rédíò.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, èmi àti Arígbogbo gba ilé káfíńtà lọ. Bàbá, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin náà ti jókòó ti rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Àròkọ tó gbégbá orókè dá lórí pósófíìsì. Ẹ ó gbọ́ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ níparí."

"Èmi nìyẹn!" Arígbogbo fò sókè, ó tẹríba fún wa. "Èmi ni mo kọ ọ́!"

Rédíò sọ̀rọ̀ bébà tó wà nílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ akọ̀wé tó ń sùn. Bàbá ń mirí. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. O lójú, ọmọ mi." Ọmọ mi! Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Arígbogbo yọ́ sọ fún mi létí pé, "Wọ́n ti tún un ṣe díẹ̀."

Rédíò ń bá a lọ: "Ni ọkùnrin kan bá wọlé, ó fi jígí dúdú bojú bíi pé oòrùn ń ràn nínú ilé. Gbogbo òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nítorí rẹ̀, òun nìkan ni kò rí i. Mo kí i. Mo máa ń jókòó síwájú rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, síbẹ̀ ó ní kí n yà, òun ò ríran."

Ìyá ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá alára di ikùn mú. "Níbo lo ti rí irú òmùgọ̀ báyìí?"

"Ó... ó wà níbẹ̀, sà."

"O mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀, sà."

Èmi ti gbójú lé àjà, kí n má baà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní bí rédíò bá ti parí báyìí, ká jọ fi ọjọ́ sí ìgbéyàwó. Ká ní Arígbogbo lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni, ì bá dọ́gbọ́n pa rédíò náà kí wọ́n tó dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tún ní, "Ìbọ̀sẹ̀ dúdú ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ òsì, ó wọ aláwọ̀ ewé sí tọ̀tún."

"Irọ́ gbáà!" Arígbogbo dìde fùú. "Irọ́ ló ń pa mọ́ mi! Ìbọ̀sẹ̀ ọjọ́ náà ni mo wọ̀ wá lónìí, ẹ wò ó!" Ló bá ká ṣòkòtò sókè.

A wò ó. Dúdú kan, aláwọ̀ ewé kan.

Bàbá kò dárúkọ ìgbéyàwó mọ́. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ẹ bá wa yí rédíò yẹn sókè díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ṣòkòtò ló kàn."