Ojú Onígbàjámọ̀, Orí Alága

Ó ku ọjọ́ kan péré kí Onígbàjámọ̀ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, bó bá ṣe pé yóò lọ. Gíláàsì rẹ̀ ki bí ìdí ìgò, ó sì fi rọ́bà so ó mọ́ ìpàkọ́ kó má baà já lu oníbàárà. Ẹni tó jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Alága ẹgbẹ́ àdúgbò, ọkùnrin tí gbogbo òpópónà ń pè ní Mo-mọ̀-tẹ́lẹ̀ bó bá ti kọjá tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bọ́ gíláàsì yín, kí n lè ráyè gé ẹ̀bá etí."

"Gbà, gbé e síbẹ̀. Àpọ́nlé ni mo fi ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe torí àtiríran. Gé e kó mọ́ o. Lọ́la ni wọ́n máa ya fọ́tò àwa olóyè ẹgbẹ́. Ara ògiri ni wọ́n máa gbé e kọ́."

Onígbàjámọ̀ gbé gíláàsì Alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòmù, ó ta aṣọ funfun sí i lọ́rùn, ó tan kílípà. Kò gé nǹkan kan. Ó tún pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n wá ṣe ojú mi lọ́la."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo kàn mọ̀ ni. Ṣé wọ́n á yọ ojú ọ̀hún síta ni, àbí inú agbárí níbẹ̀ ni wọ́n á ti ṣe é?"

"Wọ́n á yọ ọ́ kẹ̀?"

"Tí wọn ò bá yọ ọ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fọ ẹ̀yìn ẹ̀? Ìwọ náà rò ó wò. Tí wọ́n bá fẹ́ tún aago ṣe, ṣé wọn kì í tú u ni?"

"Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní iná tín-ín-rín kan ni wọ́n máa tàn sí i. Ojú méjèèjì ò ní í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ."

"Iná! O gbọ́ ohun tí o fẹnu ara ẹ sọ? Kí ni wọ́n fi ń sun ẹran?"

"Ó ní n kò ní í mọ̀ ọ́n lára."

"Ẹran náà kì í mọ̀ ọ́n lára."

Onígbàjámọ̀ gbé kílípà sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù ti ń bà á tẹ́lẹ̀, ó kàn ń fi ọkùnrin ṣe é ni.

"Ṣé wọ́n á tiẹ̀ kùn ọ́ lóorun?" Alága bi í.

"Rárá. Wọ́n ní kí n máa wo iná náà ni. Nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n á fi há ìpéǹpéjú mi kó má lè pa dé."

"Áà! Kí wọ́n há ojú ọmọ ènìyàn sílẹ̀ bí ẹni fi igi ti fèrèsé! Àbúrò, má lọ."

"Ojú yìí ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n. Òógùn á mú gíláàsì yọ̀ wálẹ̀, irun á tún bò ó, n kò ní í mọ irun tó wà lórí oníbàárà yàtọ̀ sí èyí tó wà lára gíláàsì. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gé etí ọkùnrin kan."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Díẹ̀."

"Ṣebí etí méjì ló ní."

"Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń jáde nílé ìwé, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Mo rí ẹnìkan tó gun orí pèpéle. Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́, mo jó, mo ń pariwo pé ọmọ mi nìyẹn, ọmọ mi nìyẹn! Ọmọ mi ló wá fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn. Ó ní, 'Bàbá mi, ẹ jókòó. Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe nìyẹn.'"

Ojú ti Onígbàjámọ̀ bó ti ń sọ ọ́. Alága ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí aṣọ funfun fi ń jó lọ́rùn rẹ̀.

"Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe máa tanná sí ọ lójú? Wò ó, gíláàsì ló ba ojú ẹ jẹ́. Ojú ọ̀hún ti ya ọ̀lẹ. Ọmọ tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, ìgbà wo ni yóò kọ́ ìrìn?"

"Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn rí?"

"Mo mọ ẹnìkan. Ojú ẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, kò rí oorun sùn. Bó bá dijú gan-an, ó ṣì ń ríran."

"Yéè! Ta ni ẹni náà?"

"O ò lè mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ẹnìkan tá a jọ wọkọ̀ ni."

Fóònù dún. Onígbàjámọ̀ gbé e lé imú kó tó lè ka ẹni tó ń pè.

"Nọ́ọ̀sì ni! Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì mi kó tó di aago mẹ́rin. Bí n kò bá wá, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún láyè mi, ó sì di ọdún tó ń bọ̀."

"Sọ fún un pé o ò wá."

"Ẹ káàsán, mà... Bẹ́ẹ̀ ni, mà... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú, èmi àti Alága wa ló ń rò ó wò... Rárá, mà, wọn kì í ṣe dókítà."

"Sọ fún un pé kò sóhun tí dókítà mọ̀ tí n kò mọ̀!"

"Wọ́n ní kò sóhun tí dókítà mọ̀ tí àwọn ò mọ̀, mà." Onígbàjámọ̀ tẹ́tí, ó sì pa fóònù. "Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ṣé o rí i? Ẹ̀rù ti bà á. Ó yá, jẹ́ ká dán ojú ẹ wò báyìí. Bọ́ gíláàsì yẹn kúrò kí o máa gé irun lọ."

"Lórí yín?"

"Orí ta ló tún wà níbí? Ọdún mélòó lo ti ń gé irun mi?"

"Ọdún mọ́kànlá."

"Ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ ẹ ò tíì mọ ọ̀nà! Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lókùnkùn, ṣé imú ọmọ ló máa ń tì í bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o."

"Orí alákàn nìyẹn. Tèmi nìyí. Bọ́ ọ."

Onígbàjámọ̀ tú rọ́bà, ó bọ́ gíláàsì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù di kùrukùru. Ó na ọwọ́ òsì, ó di nǹkan róbótó kan mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Èjìká mi nìyẹn."

"Ibí yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn àga nìyẹn. Má mikàn, ojú ń kọ́ṣẹ́ ni."

Nígbà tó rí orí, ó tan kílípà, ó sì gbé e sí i. Iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti iwájú dé ìpàkọ́, láti ìpàkọ́ padà síwájú, irun ń já bọ́ bí òjò. Ọkàn Onígbàjámọ̀ balẹ̀ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Dúró ná," ni Alága wí. Ó na ọrùn sí dígí, ó fún ojú pọ̀. "Ẹ wo bó ṣe mọ́! Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn! Ṣé o rí i?"

"N kò rí i, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi rí i. Láti ọdún mọ́kànlá, o ò gé irun mi báyìí rí. Pe nọ́ọ̀sì yẹn padà, kí o ní o ò wá mọ́."

"Inú mi dùn o! Mo máa pè é báyìí."

"Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ na gíláàsì mi sí mi ná."

"Ẹ ní àpọ́nlé lẹ fi ń wọ̀ ọ́."

"Orí tó mọ́ báyìí, ṣé kò yẹ kí n pọ́n ọn lé ni?"

Alága wọ gíláàsì. Ó wo dígí. Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀. Ó tún wo dígí.

"Ta nìyí?"

"Níbo?"

"Irun mi dà?"

"Ó wà nílẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún! O fá a dé awọ! Ẹ gbà mí o!"

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ wá orí tábìlì kiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba gíláàsì tirẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan orí Alága ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ìkejì kún bí igbó.

"Yéè! Ike ẹnu kílípà ni! Èyí tí kì í jẹ́ kó gé irun dé awọ. N kò fi í sí i."

"O ò rí i pé kò sí níbẹ̀? Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ń sọ fún yín látẹ̀ẹ̀kan nìyẹn."

Alága já fóònù gbà, ó sì pe nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì! Ó ń bọ̀! Kódà, ẹ gbà á lónìí! Ojú méjèèjì ni o, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀! Ẹ tanná sí i, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn!"

Onígbàjámọ̀ rọra gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù iná ṣì ń bà á, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo orí tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ ló yẹ kó máa bà á jù.

"Mà, èmi alára nìyí. Mo ń bọ̀ lọ́la, aago méje... Ọjọ́ méje gbáko? Irun ò gbọdọ̀ ta sí mi lójú rárá... Ó yé mi, mà. Ẹ ṣeun."

Ó gbé ike sẹ́nu kílípà, ó tún yọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fá apá kejì kó lè bára mu."

"Kúrò níbẹ̀! O ò ní í fọwọ́ kan orí mi mọ́ títí ojú ẹ fi máa dá!"

"Ó di ọjọ́ kẹjọ nìyẹn o. Ẹ kúkú lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì."

"Kí n gbé ìdajì orí sọdá títì lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́? Fọ́tò tọ̀la ńkọ́?"

"Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì kọjú sí wọn."

"Tí àwọn èèyàn bá wá bi mí pé kí ló ṣe orí mi, kí ni kí n sọ?"

Onígbàjámọ̀ tú aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, ó gbọn irun ara rẹ̀ dànù, ó ká a.

"Ẹ ní ìmọ̀ràn lẹ fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ìdajì ẹ̀ ni mo gbà."