Alángbá Gun Ògiri Dúdú

Gbogbo alángbá ló ń fẹsẹ̀ gun ògiri, àfi ọkùnrin kan báyìí tó jẹ́ ẹnu ló fi ń gun tirẹ̀. Atúnfóònùṣe ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Alángbá, lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń gun ògiri ṣeré ìdárayá.

Kókó aláràbarà ni wọ́n kàn mọ́ ògiri níbẹ̀. Èèyàn á so okùn mọ́dìí, á máa di kókó mú lọ sókè. Aláwọ̀ ewé rọrùn, pupa le, dúdú ni bàbá gbogbo wọn. Ẹni tó bá gùn ún tán á tẹ̀ ẹ́ sórí áàpù kan nínú fóònù, kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè rí i.

Alángbá kì í gun nǹkan kan o! Yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ló ń jókòó sí, tí á máa tẹ̀ ẹ́ lọ ràì: "Dúdú, ẹ̀ẹ̀mẹta!" Nọ́ọ̀sì kan ló wù ú fẹ́, bàbá nọ́ọ̀sì náà, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, sì ti búra pé òun ò ní fọmọ fún ọ̀lẹ. Bàbá ń wo áàpù yìí láràárọ̀, orí rẹ̀ ń wú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá àti ọmọ yọ sí i ní gbọ̀ngàn.

"Àna mi, dúdú tó o gùn láàárọ̀ yìí, tún un gùn kí n rí i."

Ẹnu ya olùkọ́ tó ń kọ́ wọn níbẹ̀. "Dúdú kẹ̀? Láti Mọ́ńdè la ti tú kókó ẹ̀ kúrò, a ń fọ̀ wọ́n."

Ẹlòmíì á ti bẹ̀bẹ̀. Alángbá ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń lo kókó. Èmi kì í lò ó."

Àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá àtẹ́lẹsẹ̀!

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Pupa tó ní kókó á wá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn."

Wọ́n so okùn mọ́ ọn nídìí. Ó na ọwọ́ kan, ó na èkejì, ó gbé ẹsẹ̀. Àyà rẹ̀ já pà! Ó di ojú pinpin, ó gbá ògiri mọ́ra.

"Yéè! Mo kú o! Bàbá, ẹ dárí jì mí! Mi ò gun dúdú rí! Mi ò gun aláwọ̀ ewé pàápàá!"

"Sọ̀ kalẹ̀ jọ̀ọ́," ni nọ́ọ̀sì ń wí.

"Ó ga jù! Aṣọ tí mo wọ̀ wá sílé yín lọ́jọ́sí, mo yá a ni!"

"Lajú ẹ," ni bàbá wí.

Alángbá la ojú kan, ó wolẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò ga ju orúnkún bàbá lọ.

Ojú ti nọ́ọ̀sì débi pé omi lé sí i lójú. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé kẹ̀?" Bàbá gbá okùn mú. "Níbi tí ò ju orúnkún mi lọ, ó ti jẹ́wọ́ méjì. Olùkọ́, ẹ bá mi fà á sókè sí i, ó ṣì kù nínú ẹ̀!"