Ilẹ̀ Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Ọ́fíìsì Ìnṣọ́ránsì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á lọ ni, bí ẹni tó ra ọjà tí kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan á ní òwe yẹn ti wà kí òyìnbó tó gbé mọ́tò dé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀ nínú wọn? Èmi wà níbi tèmi. Ìsẹ́yìn ló ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò wa, níwájú ibi tí mo ti ń ta páàtì mọ́tò tòkúnbọ̀.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, Àlàkẹ́, ìyá Kúdí. Òun ló ni abẹ́ páànù tí àwọn ọkùnrin mẹ́fà ti ń hun aṣọ òfì. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń hun òfì: wọ́n á ta òwú gbọọrọ síta, láti iwájú ahunṣọ títí dé ẹ̀bá títì, wọ́n á wá gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le. Títì wa ò sì ní ọ̀dà. Mọ́tò kan ṣoṣo kọjá báyìí, òwú funfun di aláwọ̀ amọ̀. Ìdí nìyẹn tí Àlàkẹ́ fi máa ń jí ní ìdájí, á da garawa omi mẹ́jọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí eruku má bàa gbéra.

Àwa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Kúdí, ṣé ìrẹsì lẹ gbìn síbẹ̀ ni?"

Á ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Eyín yín ni eruku ń wọ̀."

Bó ṣe ń ṣe omi, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe mọ́tò rẹ̀. Gọ́ọ̀fù àtijọ́ kan ló ní, òun ló fi ń kó aṣọ lọ sí Èkó. Gbogbo àwa yòókù, abẹ́ igi la ti ń ra ìwé ìnṣọ́ránsì, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ ò ju báàgì rẹ̀ lọ. Ká ṣáà ti rí nǹkan fi han ọlọ́pàá. Àlàkẹ́ ní tirẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó lọ ra ojúlówó, adójútòfò tó bo gbogbo ara mọ́tò.

Mo ní, "Ìyá Kúdí, láti ìgbà tí mo ti ń tajà, mi ò tíì rí ẹni tó sanwó ọjà, tó tún ń bẹ Ọlọ́run kí ọjà náà má tẹ òun lọ́wọ́."

Ó ní kí n lọ jókòó.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan nígbà ọyẹ́. Olóyè Tẹ̀là gbé Jíìpù rẹ̀ wá sí àdúgbò wa. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó joyè, oyè náà ṣì ń ta á lára. Ó ń fi ẹ̀yìn rin mọ́tò láti yí padà, àwọn ahunṣọ sì ń kí i pé kí oyè mọ́rí. Ojú rẹ̀ wà lára àwọn tó ń kí i. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń ju ìrùkẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé. Èwo ló wá kù fún mọ́tò?

Gbàà. Jíìpù fi ìdí kọ lu Gọ́ọ̀fù Àlàkẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí. Iná iwájú kan fọ́, bọ́ńpà tẹ̀, bónẹ́ẹ̀tì ká sókè bí ètè ọmọ tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Rediétọ̀ lu, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nọ́ńbà ẹ̀yìn Jíìpù já bọ́, ó dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Bí Olóyè ṣe sọ̀ kalẹ̀, orí nọ́ńbà yẹn ló fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀, kó tó rí i, tó mú un jù sínú mọ́tò.

Ó ní, "Àlàkẹ́, má bínú. Iṣẹ́ èṣù ni."

Àlàkẹ́ kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó ní, "Olóyè, ẹ kú àárọ̀. Èṣù ò mọ mọ́tò wà. Ẹ̀yin lẹ jókòó sídìí rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn ún. Oníbàárà kan l'Ékòó fẹ́ kó òfì lọ sókè òkun. Oṣù mẹ́rin làwọn ọkùnrin mẹ́fà fi hun ún. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí oníbàárà náà wọ bàálù, ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí ẹrù ò bá dé kóun tó gbéra, òun á wá ahunṣọ mìíràn. Ẹ ní kó háyà mọ́tò? Gbogbo owó Àlàkẹ́ ló ti wọnú òwú tán. Bí ìnṣọ́ránsì ò bá tún Gọ́ọ̀fù yẹn ṣe, aṣọ oṣù mẹ́rin ti jókòó sí Ìsẹ́yìn nìyẹn, àwọn ọkùnrin mẹ́fà á sì káwọ́ lérí.

Ó tẹ ọ́fíìsì láago. Wọ́n ní kó wá fọwọ́ sí ìwé n'Íbàdàn, pé ẹni tó máa yẹ mọ́tò wò á bá a padà bọ̀ lọ́jọ́rú. Kó tó lọ, ó pe gbogbo wa jọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan mọ́tò yìí. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe rí i." Nígbà yẹn, tọ́ọ̀ṣì ló wà lórí fóònù wa, kò tíì ní ojú tó ń yàwòrán.

Ó lọ. Kò tíì dé Ọ̀yọ́ tí Olóyè ti gbé mínírà pálí méjì dé.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé báyìí lẹ ṣe máa jókòó tí nǹkan ọmọ àdúgbò yín á bàjẹ́ lójú yín? Ẹ bá a tún un ṣe kó tó dé. Ẹ jẹ́ kó yà á lẹ́nu."

Ẹni tó bá ń fúnni ní mínírà láìtíì dá iye lé ọjà, ọjà náà lábùkù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ mí. Ọ̀rọ̀ Olóyè sì wọ̀ wá lára. Irú àdúgbò wo ni á máa wo mọ́tò tó fọ́ níran?

A ti Gọ́ọ̀fù sẹ́yìn lọ sábẹ́ igi máńgòrò, Bàbá Jẹ́lílì, tó ń lu ara mọ́tò, sì gbé òòlù dé. Ó lu bọ́ńpà títí ó fi tọ́. Bónẹ́ẹ̀tì ní òun ò ní pa dé. Bàbá Jẹ́lílì ní kò sí bónẹ́ẹ̀tì tó lè fi òun ṣẹlẹ́yà, ó fi iná jó o pọ̀ mọ́ ara mọ́tò yíká. Èmi náà mú iná kan wá. Ti Àlàkẹ́ funfun, tèmi pọ́n bí ọsàn, ó sì tóbi ju ojú ihò rẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò gbọ́dọ̀ ná ọ̀fẹ́. Àwọn ìyàwó ahunṣọ fọ mọ́tò, wọ́n fi òróró pa á. Abẹ́ igi máńgòrò náà ló ti ń dán. Nínú, rediétọ̀ ṣì ń jò. Kò sẹ́ni tó wo inú.

Kò sì sẹ́ni tó da omi. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, eruku ti dé. Bàbá Sùnmọ́nù, ahunṣọ tó dàgbà jù, ní òwú máa bàjẹ́. Ni wọ́n bá mú tápólì, wọ́n tẹ́ ẹ bo gbogbo iwájú ìsọ̀.

Lọ́jọ́rú, Àlàkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ọ́fíìsì. Gbogbo wa ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gọ́ọ̀fù, à ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wò ó. Ó rọra jókòó sílẹ̀.

Bàbá Jẹ́lílì ní, "A ò gba kọ́bọ̀ o, ìyá Kúdí."

Kí ló fẹ́ ṣe? Wọ́n ṣe é lóore. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé gan-an ni." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. A rò pé ayọ̀ ni.

Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí ló ń jẹ́, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí bírò tó fi há etí. Ó yí Gọ́ọ̀fù po lẹ́ẹ̀mejì.

"Màdáámù, mọ́tò wo ló ní jàǹbá?"

"Èyí náà ni, sà."

"Èyí tó ń dán yìí?"

Bàbá Jẹ́lílì bọ́ síwájú. "Ẹ fọwọ́ pa á wò. Bẹ́ ẹ bá rí ibi tó tẹ̀, ẹ pè mí lólè."

Àlàkẹ́ ní, "Bàbá Jẹ́lílì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ó tẹ̀."

"Ó tẹ̀ rí. Kò tẹ̀ mọ́. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí?"

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí ní, "Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì fún mi."

"Kò lè ṣí. Mo ti jó o pa. Kò sólè tó máa jí ẹ́ńjìnnì yẹn láéláé."

"Kò sì sí mẹkáníìkì tó máa tún un ṣe láéláé." Ó yọ bírò létí. "Ta ló kọ lù ú?"

Olóyè ti wà níbẹ̀ tòun tìrùkẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má wò mí. Jíìpù mi ò kan nǹkan kan rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ẹ bi wọ́n."

Ó bi wá. Ilẹ̀ la ń wò. Mínírà Olóyè ṣì ń ru nínú wa.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí pa fáìlì dé. "Màdáámù, ẹ má bínú. Ohun tójú mi ò rí, ọwọ́ mi ò lè kọ ọ́."

Mọ́tò kan kọjá, eruku bo gbogbo wa. Bàbá Sùnmọ́nù húkọ́, ó ní, "Àlàkẹ́, láti ọjọ́ tó o ti lọ la ti ń jẹ eruku yìí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò á bójú mu lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bá wa gbé omi rẹ."

Obìnrin yẹn gbé garawa. Ẹ wo ìwà o: ayé rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ, ó ṣì fẹ́ da omi. Bàbá Sùnmọ́nù ká tápólì kúrò. Àlàkẹ́ gbé garawa sókè, ó fẹ́ dà á. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

Ó ní, "Kẹ́nikẹ́ni má tẹ ibẹ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, a gbọ́.

Ẹrẹ̀ ọjọ́ Ajé ti gbẹ sábẹ́ tápólì, ó le bíi bíríkì. Ojú ẹsẹ̀ táyà Gọ́ọ̀fù wà níbẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tó dúró jẹ́ẹ́ sí, àti ibi tí Jíìpù tì í sẹ́yìn dé. Ojú ẹsẹ̀ táyà ńlá bá a láti iwájú. Ìgò iná fọ́nká, ó há sínú ilẹ̀ bí eyín. Ní àárín gbùngbùn, nọ́ńbà mọ́tò kan wà lára ilẹ̀ bí òǹtẹ̀ ọba, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn síwájú.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí lọ́ṣọ̀ọ́, ó dorí kọ ọ̀tún, ó dorí kọ òsì. Èmi náà sáré lọ síbi ọjà mi, mo mú dígí mọ́tò kan wá. Ọjọ́ yẹn, mi ò dá iye lé e. Ó gbé dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ náà, ó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bàbá Sùnmọ́nù dúró sẹ́yìn Jíìpù, níbi tí Olóyè ti so nọ́ńbà náà padà, ó ń dáhùn: "Ó wà níbí. Òun náà wà níbí. Ẹrẹ̀ tiẹ̀ ṣì wà lára èyí."

Olóyè ní, "Mo ṣáà sọ fún yín pé iṣẹ́ èṣù—"

Àlàkẹ́ tún kúnlẹ̀. "Olóyè, ṣé orúkọ yín ni èṣù fi ra Jíìpù tirẹ̀ ni?"

Olóyè fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sórí mọ́tò. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ n parọ́ mọ́. Abẹ́ igi ni mo ti ra ìwé tèmi. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló bà mí."

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí fa kámẹ́rà yọ. Bátìrì ti kú. Ó wo ilẹ̀, ó wò wá. "Ọ̀gá mi ò ní gbà mí gbọ́ láé."

Bàbá Jẹ́lílì ní, "Ṣé ilẹ̀ lẹ fẹ́ kó rí?" Ó mú irin tó fi ń gé páànù, ó gé ilẹ̀ náà yíká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gé àkàrà òyìnbó fún àlejò. Àwa mẹ́rin la gbé e. Àlàkẹ́ fi àjẹkù òfì wé e. A gbé e sórí ìjókòó iwájú mọ́tò ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí sì fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àga. Bàbá Jẹ́lílì wá lọ gé bónẹ́ẹ̀tì tó jó. Ó dùn ún gan-an.

Wọ́n ní nígbà tí ọ̀gá n'Íbàdàn rí ilẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ó ní láti ìgbà tóun ti dé ẹnu iṣẹ́, àwọn èèyàn ń mú ẹ̀rí wá, kò sẹ́ni tó gbé ojú ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ wá rí. Ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹfà, rediétọ̀ tuntun dé, bónẹ́ẹ̀tì tuntun dé. Àlàkẹ́ ní kí wọ́n má yọ iná mi. Ojú kan funfun, ojú kan pọ́n, Gọ́ọ̀fù gbé òfì dé Èkó, ó ku ọjọ́ kan gbáko kí oníbàárà gbéra. Oníbàárà wo aṣọ, ó ní kí wọ́n hun ìlọ́po méjì.

Kí Àlàkẹ́ tó lọ, Bàbá Sùnmọ́nù ti dájọ́ Olóyè: ọjọ́ méje ni á fi bá wa pọnmi ní ìdájí, tòun tìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tí àwa yòókù rí Olóyè tó ń gbé garawa, ojú tì wá, a bá a gbé e. Ọjọ́ tí Àlàkẹ́ ti Èkó dé, láti oríta títí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo ilé ló ti da omi síwájú. Ó páákì mọ́tò ní oríta, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Kúdí, báwo ló ṣe rí lẹ́sẹ̀?"

Olóyè ló dáhùn, tòun ti garawa rẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀: "Àwa mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù."