Àparò Dinah Lórí Sìmẹ́ǹtì Oyèlẹ́yẹ

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1956, Dinah ìyàwó Hezekiah kú. Lánàá, tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹjọ́ ọmọ àparò tí ó fi sílẹ̀ dé iwájú Baálẹ̀ Oyèwọlé àti àwọn àgbà rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìlá.

Hezekiah gbé agbọ̀n kalẹ̀. Ọmọ ẹyẹ náà dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan kọjú sí Ìlá, èkejì kọjú sí Ire.

"Ẹ pẹ́ láyé, Baálẹ̀. Dinah rí ẹyin rẹ̀ lóko, adìẹ wa ló sàba lé e. Bó ṣe jáde ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya. Ìyàwó mi fi òwú so méjèèjì kí wọ́n má ya jù, ó tẹ́ kíjìpá fún un kí èékánná rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Ó ti ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin kí Dinah tó kú. Ilé wá kún fún èrò tó wá kí mi. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ pa. Mo gbé e fún Oyèlẹ́yẹ nítorí eegun ló ń tò. Mo ní kó má tú òwú náà."

"Ṣé ó tú u?" Baálẹ̀ ló bi í.

"Ó tú u. Ó sì gbé e sórí sìmẹ́ǹtì tó ń dán."

Oyèlẹ́yẹ dìde, ó tún bùbá rẹ̀ ṣe. "Baálẹ̀, ìyá tó bí mi kò sùn lórí sìmẹ́ǹtì rí. Mo tẹ́ ẹyẹ sórí rẹ̀, wọ́n ní mo ṣẹ̀."

"Òwú ńkọ́?"

"Òwú lásán ni. Ẹ̀là ọparun ni mo fi dì í, bí iṣẹ́ wa ti wí. Ẹsẹ̀ òsì."

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ òsì?"

"Ẹsẹ̀ òsì ni Ṣéhù tí mò ń tọ́jú fi ṣubú lórí kẹ̀kẹ́."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Gbogbo wọn mọ àṣà náà: bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá dá, atoeegun a dá ẹsẹ̀ adìẹ, a tọ́jú àwọn méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn á dìde.

"Ṣé Ṣéhù kò mú adìẹ wá ni?"

"Ó mú un wá. Àánú adìẹ náà ló ṣe mí. Ẹyẹ tó ti yarọ wà nílẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ dá ẹsẹ̀ òmíràn sí?"

"Adìẹ náà dà?"

Oyèlẹ́yẹ wúkọ́. Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Inú ọbẹ̀ ló wà, Baálẹ̀. Èmi ni mo sè é. Itan méjèèjì ni bàbá jẹ. Àánú kò jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀."

Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé Ṣéhù wọlé lé.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, n kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bàbá Oyèlẹ́yẹ ní àfi bí ẹyẹ bá rìn."

"Ta ló gun àpótí mú ẹran mi lórí àjà?" Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ ló bi í.

"Mo rá débẹ̀ ni."

"Ẹ gbọ́ o. Ó rá gun àpótí."

"Oyèlẹ́yẹ, ṣé ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí tilẹ̀ dá?"

"Ó ní ó dá, Baálẹ̀."

"Ẹni tó ń purọ́, o gbà á gbọ́. Ẹyẹ tí kò lè purọ́, o fi ọparun dè é."

Hezekiah kò dá sí wọn mọ́. Ó tú ọparun náà, ó tẹ́ kíjìpá sílẹ̀, ó yọ òwú lápò. Ó fi àlàfo ìka kan sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì bí Dinah ti máa ń ṣe, ó so wọ́n. Ẹyẹ náà dìde, ó ṣubú. Ó tún dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan.

Baálẹ̀ dájọ́. "Oyèlẹ́yẹ, a ó fi òwú so ẹsẹ̀ tìrẹ náà, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe máa lọ wa ikán fún ẹyẹ yìí lójoojúmọ́, títí yóò fi rìn láti òpó yìí dé ọ̀hún. Bí òwú bá já, a ó tún un so. Ṣéhù, ẹyẹ tí ò ń dúró dè ti rìn. Dìde, ru ilẹ̀kùn rẹ, kí o bá a wa ikán."

"Bí ẹyẹ bá kú ńkọ́, Baálẹ̀?" Oyèlẹ́yẹ ló béèrè.

"Ìwọ tòun ti òwú la ó jọ sin."

Hezekiah gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ sílé. Ohun tí Dinah fi sílẹ̀ nìyí: Bíbélì kan, bàtà ìsìn kan, kíjìpá tó ti ya létí, òwú funfun tó kù díẹ̀, agolo ikán kan, àparò kan tó ti gbé ẹsẹ̀ kan, àti ọkọ kan tó ti mọ òwú ún so.