Àyè Kan Tó Kù Lórí Ẹní

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìwọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún yín lẹ́yìn mi pé àlá ni mo lá. Èmi Adédoyin wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo wá lo ìsinmi láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Ṣìjúadé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wà níbẹ̀; ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí èmi àti òun. Ọ̀gá Adéṣùpọ̀ tó ni ẹgbẹ́ eré wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó jáde, ó sì tún padà dé. Jímọ̀ ọmọ alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ eré. Bàbá Àrẹ̀mú, olórí ilé wa, dé bá wa láti oko. Ìyá àgbà wa, Ìyá Ẹlẹ́kọ, náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé ọdún méje tí a ti sin ín.

Ó dáa. Mo bi yín: ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà ilé wa fi ń sọ pé ẹni tó bá mọ òkú ṣe jù, òun ni wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ dè? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Mo gbọ́ lánàá tí ẹnìkan nínú yín ń pa á mọ́ ọmọ tó ń díbọ́n pé inú ń run òun kó má baà lọ sílé ìwé. Ó bá a mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Mo mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ẹkún tèmi gan-an ló bí i.

Lọ́dún náà ni Ọ̀gá Adéṣùpọ̀ gbé ẹgbẹ́ eré rẹ̀ wá sí Ìdó-Ìrókò. Ó ní òun fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa ní eré ṣíṣe: bí a ṣe ń rìn lórí ìtàgé, bí a ṣe ń gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, bí a ṣe ń kun ojú, bí a ṣe ń sunkún láìfi ata ra ojú. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí, yóò dán wa wò, yóò sì mú ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ya eré fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹnìkan ṣoṣo. Àyè kan ló kù nínú mọ́tò rẹ̀.

Èmi ń kọ́ ọ fún ìgbádùn ni, mo ní ilé ìwé láti padà sí. Ṣìjúadé kò ní nǹkan kan. Ó ti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ ti wá sọ ọ́ ní gbangba pé bí Ọ̀gá kò bá mú un, ní ọjọ́ Ajé ni yóò lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìlá, yóò máa po ìyẹ̀fun búrẹ́dì títí ọkọ yóò fi dé. Mo rí Ṣìjúadé tí ó ń dúró níwájú dígí lójoojúmọ́, tí ó ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó bí olorì.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Gbọ̀ngàn kóòtù ìbílẹ̀ la lò. Ọ̀gá pín iṣẹ́ fún wa: ọmọbìnrin kan kú, ìyá rẹ̀ ń sunkún, àwọn ará ilé ń tu ìyá nínú. Ó fi mí ṣe ìyá òkú. Ó ní kí Ṣìjúadé ṣe òkú.

Ojú Ṣìjúadé wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi kọ́ olorì. Ó ní, "Ọ̀gá, òkú kì í sọ̀rọ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé mo mọ eré ṣe?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Òkú ló le jù. Ẹni tó bá lè ṣe òkú, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Má mira títí n óo fi pàtẹ́wọ́. Bí o bá mira kí n tó pàtẹ́wọ́, máa lọ po ìyẹ̀fun rẹ."

Ó fi ẹfun kùn ún lójú. Ó fi òwú sí i nímú. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní láàárín gbọ̀ngàn, ó sì kìlọ̀ fún àwa tó kù pé ìdánwò náà kò ní rọrùn, pé òun lè rán ẹnikẹ́ni wọlé nígbàkigbà láti dà wá láàmú, ẹni tó bá sì jáde kúrò nínú eré ti yege ìdánwò ìlọsílé. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́ pè é pé Ìbàdàn ń dúró dè é lórí tẹlifóònù. Ó ní kí a máa bá a lọ, òun ń bọ̀.

A ń bá a lọ. Mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo mọ ẹkún í sun. Mo fa ohùn bí obìnrin tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dákẹ́ níbi tó yẹ kí n dákẹ́, mo tún gbé e. Ẹkún náà gba ojú fèrèsé jáde, ó gba ojú ọ̀nà oko lọ, ó sì bá Bàbá Àrẹ̀mú tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

Bàbá wọlé. Ó rí òwú. Ó rí ẹfun. Ó rí èmi lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jímọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, kò kú o. Eré ni."

Bàbá wò ó bí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí nígbà tí Adéníyì ọmọ mi kú. Wọ́n ní ó ń sùn ni. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ṣeun. Mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń tàn lọ."

Ó mọ̀ ọ́n sọ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa fi wo ara wa, tí ọ̀rọ̀ kan náà sì wá sí wa lọ́kàn: Ọ̀gá ló rán an. Òun ni ìdánwò. Mo tiẹ̀ jowú. Mo ní, ta ló mọ̀ pé Bàbá Àrẹ̀mú mọ eré ṣe báyìí? Ni mo bá fi kún ẹkún mi, kí ó má baà borí mi.

Ẹ mọ bí ilé wa ṣe ń ṣe. Òkú ọ̀dọ́, òkú ọ̀fọ̀ ni. Kì í pẹ́ nílẹ̀, ẹni tó bí i kò sì gbọdọ̀ fojú kàn án. Bàbá ránṣẹ́ sílé. Obìnrin méjì di ìyá Ṣìjúadé mú sínú yàrá, ẹni kan ṣoṣo tí ì bá fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ kó sì mọ̀ pé ó ń mí. Bàbá bọ́ aṣọ ìbora tirẹ̀, ó fi bo Ṣìjúadé. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ní agbo ilé wa gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan wá, nítorí òkú ilé wa kì í lọ ní aṣọ kan. Nígbà tí mo kà á, aṣọ mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Bàbá wá kọjú sí Jímọ̀, ó ní kí ó gbé ọkọ́, kí ó lọ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Jímọ̀ dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá" bí ẹni tó ti yege. Ó gbẹ́ ẹ dáadáa. Ó ní òun fẹ́ kí Ọ̀gá rí i pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

Gbogbo ìgbà yìí ni mo ń ṣọ́ ẹsẹ̀ òsì Ṣìjúadé tó yọ jáde lábẹ́ aṣọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn. Àfi bí òórùn ẹ̀kọ gbígbóná ṣe gba inú gbọ̀ngàn kan, ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n sínú ewé eéran. Ọ̀sán gangan ni. Kò sẹ́ni tó ń se ẹ̀kọ nítòsí kóòtù. Láti ọjọ́ tí ìyá àgbà wa ti kú, kò sí ẹni tó ń se ẹ̀kọ nílé wa mọ́. Àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo tún wo ẹsẹ̀ òsì, kò gbọ̀n mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ nìyí, bí Ṣìjúadé fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi, kò sì yí i padà títí ó fi darúgbó. Ó ní ooru mú òun, lẹ́yìn náà ooru lọ. Ẹnìkan di àtàǹpàkò òun mú, ọwọ́ náà tutù bí ìkòkò omi. Ó gbọ́ ohùn Ìyá Ẹlẹ́kọ.

"Ṣìjú, ta ló kọ́ ọ ní òkú ṣíṣe? Ẹni náà kò kọ́ ọ dáadáa. Òkú wo ló ń gbọn ẹsẹ̀?"

Ó ní òun mú ẹsẹ̀ dúró. Ìyá àgbà ní èémí rẹ̀ náà ti pọ̀ jù. Ó dín in kù. Ìyá àgbà ní kí ó jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń mọ̀ ọ́n. Nígbà náà ló rí i pé àwọn ènìyàn ilé wa jókòó yíká, àwọn tí orúkọ wọn nìkan la mọ̀, wọ́n tẹ́ ẹní ńlá kan, gbogbo wọn ń wò ó bí Ọ̀gá ṣe máa ń wò wá lọ́jọ́ Ẹtì tí a bá ń fi ohun tí a kọ́ hàn án. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹnìkan. Àyè kan ló kù lórí ẹní àwọn, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe báyìí ni àwọn ń fẹ́.

Ṣìjúadé tí mò ń wí yìí, kò sí àyè iṣẹ́ tí kì í béèrè nípa rẹ̀. Ó bi wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ní, "Tiwa kò ní ọjọ́ ìparí, ọmọ mi. Sún mọ́ ibí."

Ó ń sún.

Lójú tiwa, wọ́n ti gbé e pẹ̀lú ẹní rẹ̀, a ti ń lọ sẹ́yìn ilé. Mo tẹ̀ lé wọn, mo ń sunkún dáadáa. Ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Ọ̀gá Adéṣùpọ̀ ti pàdé wa. Ó wo aṣọ mẹ́fà. Ó wo ilẹ̀ tí Jímọ̀ gbẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bi wá ta ni bàbá arúgbó yìí. Ó ní òun kò rí irú eré báyìí rí ní ogún ọdún tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ó sì pàtẹ́wọ́.

Ṣìjúadé kò dìde.

Ó tún pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó tó, ọmọ dáadáa, o ti yege." Atẹ́gùn mi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá ká aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì yọ fìlà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó pàtẹ́wọ́, kò dún.

Ìgbà náà ló yé mi. Mo ṣubú lé Ṣìjúadé, mo sì ké. Kì í ṣe èyí tí mo kọ́. Ikun ń jáde nímú mi, ohùn mi ń já bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń pè é, mo ń ta á nípàá, n kò rántí ibi tó yẹ kí n dákẹ́.

Ètè Ṣìjúadé mira. Ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìlajú: "Dóyin, kì í ṣe báyìí la ṣe kọ́ ọ. O ti ba ẹkún yẹn jẹ́."

Ó ní ẹkún burúkú yẹn ló jẹ́ kí òun bojú wẹ̀yìn. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí ẹní wọn, ó kù kí ó jókòó, ó wá gbọ́ mi, ojú sì tì í pé èmi àti òun la jọ kọ́ṣẹ́. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun fẹ́ lọ tún un ṣe.

Nígbà tí Ṣìjúadé dìde jókòó láàárín wa, Jímọ̀ ti dé òkè igi àgbálùmọ̀, n kò mọ ìgbà tó gùn ún. Láàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì Ṣìjúadé àti ìka tó tẹ̀ lé e, ewé eéran kan wà níbẹ̀, ó ṣì gbóná.

Wọ́n lọ tú ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá gbẹ́ kò gbọdọ̀ ṣófo, nítorí náà Bàbá gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó sin ín, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ìdágbére. Bàbá Ṣìjúadé wá ń kùn pé eré yìí náà ló ń fẹ́ pa ọmọ òun, pé ní ọjọ́ Ajé, Ìlá ni. Bàbá Àrẹ̀mú nu ọkọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èwo ni tìrẹ nínú rẹ̀? Mo ti sunkún ọmọ yìí, mo ti gbẹ́lẹ̀ fún un. Ẹni tí a ti gbẹ́lẹ̀ fún kì í po ìyẹ̀fun fún ẹnikẹ́ni. Ó ti lọ nínú ilé yìí. Kó máa bá oníṣẹ́ eré lọ."

Ọ̀gá ní òun kò lè gbé irú ènìyàn báyìí sínú mọ́tò. Ó ní ọ̀nà Ìbàdàn jìn, igbó sì pọ̀.

Bàbá wò ó. "Ta ló fi òwú sí i nímú?"

Ọ̀gá gbé e. Iwájú ni Ṣìjúadé jókòó, kò sí ẹni tó fẹ́ kó jókòó lẹ́yìn òun. Ọdún méjìlélógún ni Ṣìjúadé fi ṣe eré. Ó ṣe olorì, ó ṣe ìyálé, ó ṣe adájọ́. Àwọn kan nínú yín rí i nínú tẹlifíṣọ̀n láìmọ̀ pé ẹbí yín ni. Kò dùbúlẹ̀ lórí ìtàgé rí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì gbóná mọ́ títí ọjọ́ tó fi lọ jókòó sí àyè náà tí wọ́n ti fi pamọ́ dè é. Lọ́jọ́ yẹn, èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ ọ pé ẹni tó bá mọ òkú ṣe jù, òun ni wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ dè, ẹ má rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú ibi tí Bàbá sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ṣì wà lẹ́yìn ilé.

Ìwọ Ayọ̀mípọ̀sí, wọ́n ní o ti rí àyè gbà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣe sinimá. Inú mi dùn. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ, kọ́ ọ dójú àmì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o dùbúlẹ̀ ṣe òkú, tí o sì gbọ́ òórùn ẹ̀kọ, máa mi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ. Jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní òdo.