Gbajúmọ̀ Gba Ipò Kìíní

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í sì í lé obìnrin kiri. Ìyìn ló máa ń pa á bí ọtí. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní aṣefíríìjì o! "Gbajúmọ̀" lorúkọ tó sọ ara rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣí búlọ́ọ̀gì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì bá mi wí tí mo bá ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní "ó" dípò "wọ́n". Gbogbo ọlá tó yẹ kí n bù fún un, ó ti fúnra rẹ̀ bù ú tán, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún mi.

"Ìrònú Gbajúmọ̀" ni búlọ́ọ̀gì náà ń jẹ́. Kí ló ń rò níbẹ̀? "Ìdí Tí Ilẹ̀kùn Fíríìjì Fi Ń Ṣí Síta, Apá Kẹsàn-án." Mi ò purọ́ mọ́ ọn! Odindi apá kẹjọ, orí ìṣó kan ṣoṣo ló dá lé.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó kórìíra tó àwọn ìkànnì tó máa ń kó orúkọ búlọ́ọ̀gì jọ, tí wọ́n á wá tò wọ́n bí ọmọ ilé-ìwé: ìwọ lo ṣe kìíní, ìwọ lo gbẹ̀yìn. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, wọn ò sì tò ó mọ́ ẹnikẹ́ni. Ló bá gbé àpilẹ̀kọ kan jáde: "Olè Ni Gbogbo Wọn!"

"Ta ló gbé òṣùwọ̀n lé wọn lọ́wọ́?" ló ń bi mí. "Àbí wọ́n ń wọn ọgbọ́n ni?"

"Wọn ò kúkú tíì wọn tiyín, Bùrọ̀dá," ni mo wí.

Àfi lọ́jọ́ kan tí ìkànnì ọ̀hún fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé ó ti wọ ipò kẹwàá. Háà! Kí n tó mu omi tó wà lọ́wọ́ mi tán, "Olè Ni Gbogbo Wọn" ti pòórá. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ni "Ẹ Bá Mi Kí Àwọn Onídàájọ́ Òdodo". Ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ wọn, onítọ̀hún ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan.

Ó di kẹfà, ó di kẹta. Ó di kìíní! Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ ránṣẹ́ sí i: "1" gàdàgbà, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà kéékèèké lábẹ́ rẹ̀. Gbajúmọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé.

"Ẹ gé àwọn wíńníwíńní ìsàlẹ̀ yẹn dànù," ló wí. "Wọ́n ń dí nọ́ńbà mi lọ́wọ́."

Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun jí láàárọ̀, òun bá ọ̀kan lára ìrọ̀rí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ńlá wà nílẹ̀ nílé wa. Bàbá wa, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, fẹ́ kí a kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé. Àna méjì ni wọ́n ní: Gbajúmọ̀, àti dókítà eléyín tó fẹ́ àbúrò mi. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń yin dókítà lójú Gbajúmọ̀, ó sì ń dùn ún dé egungun. Ìwé yìí ló fẹ́ fi gba ojúrere Bàbá. Bí wọ́n bá lọ gbé e fún dókítà, kò ní lè gbójú sókè láàárín wa mọ́.

Gbogbo wa pé sí pálọ̀ Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Gbajúmọ̀ dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Nínú gbogbo ẹni tó ń kọ nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ni kìíní. Ẹni tó mọ eyín yọ, ẹ jẹ́ kó máa yọ eyín."

Ẹ̀gbọ́n mi fà á láṣọ. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Kò dákẹ́ lóòótọ́. Tara rẹ̀ náà ò sì dákẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ láìpẹ́.

"Ó dáa, a fẹ́ rí i," ni Bàbá wí.

"Fóònù á kéré jù fún ojú Bàbá," ni dókítà sọ, ó yọ eyín funfun síta. "Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n."

"Gbé e síbẹ̀! Kí gbogbo ayé rí i!"

Dókítà so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn lẹ́tà tí Gbajúmọ̀ ní kí wọ́n gé dànù yọ, wọ́n tóbi ju orí èèyàn lọ: "Ìsọ̀rí: Ohun Tí Ń Múni Sùn. Ipò kìíní: Ìrònú Gbajúmọ̀. Ipò kejì: Ìró Òjò Lórí Páànù. Ipò kẹta: Ariwo Fáànù Àtijọ́."

Àṣé àwọn òǹkàwé ló máa ń sọ ohun tí búlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún wọn, ibi tí wọ́n bá sì fi í sí ni ìkànnì ti ń tò ó!

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Bùrọ̀dá na òjò!"

Ṣé ó wá mọ síbẹ̀ ni? Àwọn òǹkàwé ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, dókítà sì ń kà á sókè láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. "Mi ò ka ìkankan dé ìdajì rí. Ọlọ́run á san án fún un." "Ọmọ mi kọ̀ kò sùn, mo bá kà á sí i létí. Ọmọ sùn, èmi náà sùn, ìkòkò jóná lórí iná."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bí Gbajúmọ̀ bá ti gbé kálàmù, orí àgbà pàápàá á wọ́.

"Bàbá, irọ́ ni! Iṣẹ́ ọ̀tá ni!"

"Ọ̀tá kẹ̀?" Bàbá bọ́ awò ojú wọn. "Èmi náà wà lára wọn. Alaalẹ́ ni mò ń tẹ 'Ó Ń Múni Sùn' fún ẹ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì ni orun ò ti kùn mí mọ́, àfi ìgbà tí mo rí búlọ́ọ̀gì rẹ. Oògùn tí wọ́n fún mi lọ́sibítù, mo ti dà á nù. Àna mi, o ṣeun gan-an ni. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sùn lórí ìtàn ayé mi. Dókítà, ìwọ ni kó o kọ ọ́."

Gbajúmọ̀ fìbínú délé. Ó jókòó, ó sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nípa àwọn tó ń toni nípò: bó ṣe pè wọ́n lólè, bó ṣe sọ wọ́n di onídàájọ́ òdodo nítorí pé wọ́n rántí orúkọ rẹ̀, bó ṣe lẹ nọ́ńbà mọ́ ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀. Ó bú wọn, ó bú òǹkàwé, ó bú ara rẹ̀. Kò sí apá kejì. Orí ìdúró ni mo ti kà á, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́ síra wọn. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n kọ! Inú mi dùn fún un, kí n má parọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí Bàbá pè é. Kíá ló fi fóònù sí sípíkà kí n lè gbọ́.

"Àna mi, mo ka èyí tó o kọ lánàá. Mo kà á dé òpin."

"Ẹ ṣeun, Bàbá!"

"Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo jí ìyá yín, mo kà á fún wọn. Ẹ̀rín la rín títí ilẹ̀ fi mọ́."

Gbajúmọ̀ wò mí, omi ti lé sí i lójú. Ó wú ikọ́ díẹ̀. "Bàbá, ìwé yẹn wá ńkọ́? Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Ìwé wo? Láti àná ni mi ò ti fojú ba orun! Jọ̀ọ́, ọmọ dáadáa, máa kọ búlọ́ọ̀gì rẹ bó o ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀."